Aptera, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo oòrùn: ibo ni agbára rẹ̀ mọ, kí ló sì dé tí owó ìrànwọ́ ìjọba kò fi kàn án?

Ẹ ó ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù yín: ọkọ̀ funfun kan tó rí ṣóńṣó bí ẹja, iwájú rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, táyà méjì níwájú, ẹyọ kan lẹ́yìn, sọ́là sì bò ó láti iwájú dé ìdí. Aptera ni orúkọ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí fídíò rẹ̀ bá tún gba ìgboro, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń bá a rìn. Wọ́n á ní ó ń rin 1,000 máìlì láìdúró gba iná. Wọ́n á ní ẹni tó bá rà á ti bọ́ lọ́wọ́ fífi ọkọ̀ sí iná títí ayé. Wọ́n á tún ní ìjọba Amẹ́ríkà ń dín 7,500 dọ́là kù fún ẹni tó bá rà á. Ìkíní ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ìkejì jẹ́ òtítọ́ níbi tí oòrùn bá ti ń mú dáadáa tí ìrìn ojúmọ́ ènìyàn kò sì jìn. Ìkẹta kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni à ń sọ. Ọkọ̀ kan náà ni, àmọ́ orúkọ tí àjọ ìjọba kọ̀ọ̀kan ń pè é yàtọ̀. Alùpùpù ni lójú ọ̀kan, lójú èkejì ó ti wúwo ju alùpùpù lọ, ẹ̀kẹta tó sì di owó mú ní kò sí nínú ohun tí òun mọ̀ sí ọkọ̀. Orúkọ yìí ló ń pinnu ẹni tí owó kàn àti ẹni tí kò kàn.

## Ta ló ń ṣe é, ibo sì ni iṣẹ́ dé?

Ilé-iṣẹ́ Aptera Motors wà ní ìlú Carlsbad, ní ìpínlẹ̀ California. Steve Fambro ló dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2006, Chris Anthony sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ohun tí kò ní ìyẹ́”, torí ọkọ̀ náà jọ bàlúù tí wọ́n gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrò. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí kógbá sílé ní oṣù Ọ̀pẹ 2011 láìfi ọkọ̀ kankan lé oníbàárà lọ́wọ́. Lọ́dún 2019 ni Fambro àti Anthony tún gbé orúkọ náà dìde. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2020 wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, iye owó tó kéré jù lọ tí wọ́n sì kéde nígbà náà ni 25,900 dọ́là.

Láti ìgbà náà, owó àwọn ènìyàn bíi tèmi tìrẹ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tó ra ìpín díẹ̀díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àpapọ̀ rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún 2023, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ní California fọwọ́ sí ìrànwọ́ 21.9 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2025 wọ́n wọ ọjà ìpín Nasdaq. Títí di ìgbà náà, oníbàárà kan kò tíì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: gbogbo nọ́ńbà nípa bí ọkọ̀ yìí ṣe ń rìn, ìlérí ilé-iṣẹ́ ni, tàbí ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń dán ọkọ̀ àpẹẹrẹ wò.

## Ṣé lóòótọ́ ló ń rin 1,000 máìlì?

Ẹni tó bá ń ra iná sí mítà mọ ohun tí yúníìtì kan jẹ́. Yúníìtì yẹn kan náà, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń kọ ní kWh, ni wọ́n fi ń wọn iná tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Aptera ní yúníìtì kan yóò gbé ọkọ̀ òun rin máìlì 10, ìyẹn kìlómítà 16. Tesla Model 3, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í jẹ iná jù, ń fi yúníìtì kan rin nǹkan bíi máìlì 4. Lucid Air Pure ti ọdún 2025 ń rin máìlì 5, gẹ́gẹ́ bí ìdánwò EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà. Ford F-150 Lightning, ọkọ̀ akẹ́rù oníná, kò fi bẹ́ẹ̀ ju máìlì 2 lọ.

Ìṣirò 1,000 máìlì wá láti ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó, wọ́n ní oríṣi bátìrì mẹ́rin ni àwọn yóò ṣe: yúníìtì 25, 40, 60 àti 100. Ẹ fi máìlì 10 sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí 250, 400, 600, àti 1,000. Bátìrì tó tóbi jù yẹn kò tíì jáde. Èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tà ní bátìrì yúníìtì 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, 400 máìlì sì ni ìlérí tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ 1,000 lónìí, ohun tí kò sí lọ́jà ló ń polówó.

Báwo ni ọkọ̀ kan ṣe lè fi yúníìtì kan rin tó bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni ìdáhùn. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, kíkọlu afẹ́fẹ́ níwájú ló ń jẹ iná jù lọ. Nọ́ńbà kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi ń wọn bí ara ọkọ̀ ṣe ń yọ̀ nínú afẹ́fẹ́; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ti Model 3 wà ní nǹkan bíi 0.22. Aptera ní 0.13 ni tòun. Ohun tó sì fún wọn láyè láti dé ibẹ̀ ni táyà kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn. Táyà méjì lẹ́yìn yóò mú kí ìdí ọkọ̀ fẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì máa yí bírí lẹ́yìn rẹ̀, á máa fà á sẹ́yìn. Ẹyọ kan ń jẹ́ kí ara ọkọ̀ já sí ṣóńṣó bí ìrù ẹja. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n ń sá fún owó táyà kẹrin. Bí wọ́n bá gbé táyà kẹrin sí i, máìlì 10 yẹn yóò dínkù.

Ipá afẹ́fẹ́ kì í sì í fi ìwọ̀n kan náà pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá kúrò lórí máìlì 55 ní wákàtí kan bọ́ sórí 80, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn á ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà kò lè rí 400 máìlì tí ilé-iṣẹ́ kọ sórí ìwé.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún 2025, wọ́n wa ọkọ̀ kan láti Flagstaff ní ìpínlẹ̀ Arizona wá sí àfonífojì Imperial ní California, wọ́n ní ó lé ní 300 máìlì láìdúró gba iná. Ìrìn àjò gidi ni, ó sì gba ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Flagstaff ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 2,100, àfonífojì Imperial sì rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Bí ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi gíga bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á fi nǹkan bíi yúníìtì 6 ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi máìlì 10 sọ ọ́ di púpọ̀: ó tó 60 máìlì. Ìrìn àjò náà kò di irọ́ nítorí èyí, àmọ́ kò lè dípò ìdánwò ìjọba.

Ìdánwò ìjọba ni ti EPA. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí ẹ̀rọ tí táyà ń yí lé. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ṣe àfikún ìdánwò, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ọkọ̀ rìn nínú yàrá ni EPA máa ń kọ sórí ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀, kí ó lè jọ ohun tí awakọ̀ yóò rí lójú ọ̀nà gidi, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti òtútù. Nọ́ńbà orí ìwé yẹn ni a lè fi wé ti Tesla àti Lucid. Ìlérí ilé-iṣẹ́ kò ṣeé gbé sórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

## Oòrùn ńkọ́? Ṣé kò nílò iná mọ́ lóòótọ́?

Sọ́là tó wà lára ọkọ̀ náà jẹ́ wáàtì 700. Ẹni tó bá ti lo sọ́là nílé yóò mọ ohun tí wáàtì 700 lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí oòrùn bá mú gidigidi fún wákàtí mẹ́fà, yúníìtì 4 ni yóò wọlé lẹ́yìn tí díẹ̀ bá ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Yúníìtì 4, máìlì 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibẹ̀ ni 40 máìlì lóòjọ́ tí Aptera ń kéde ti wá. Ìṣirò náà kò ní àbùkù. Gúúsù California nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń sọ.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sí ìkéde náà tí fídíò máa ń gbé jù sílẹ̀: “títí dé”. Títí dé 40, kì í ṣe 40 lójoojúmọ́. Ẹni tó ń gbé Seattle nígbà òtútù, tí oòrùn ń yọ pẹ́ tó sì ń wọ̀ kíákíá, kò lè rí ìdajì rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sínú gáréèjì lábẹ́ ilé kò ní rí nǹkankan. Ẹni tó sì ń rin máìlì 15 lọ síbi iṣẹ́ tó ń padà wálé, tó ń páàkì síta gbangba ní ìlú tí oòrùn wà, lè lo oṣù púpọ̀ láìfi ọkọ̀ náà sí iná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “kò nílò iná mọ́” ti ṣẹ̀ wá.

Ìdí tí sọ́là fi wúlò lórí ọkọ̀ yìí tí kò fi wúlò tó bẹ́ẹ̀ lórí òmíràn ni pé ọkọ̀ náà kì í jẹ iná. Ẹ gbé wáàtì 700 kan náà sórí F-150 Lightning, yúníìtì 4 yẹn kò ní gbé e ju máìlì 8 lọ.

## Kí ni ìwúwo ní í ṣe pẹ̀lú gbogbo èyí?

Ó ní púpọ̀ í ṣe, ibí yìí sì ni ẹ̀rọ àti òfin ti pàdé.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀rọ lákọ̀ọ́kọ́. Aptera tí wọ́n fẹ́ tà yìí wúwo tó nǹkan bíi 2,200 páùn, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 1,000. Model 3 lé ní 1,700. F-150 Lightning lé ní 2,700. Bátìrì ló ń mú ọkọ̀ oníná wúwo. Bí a bá fi ṣírò pé kìlógíráàmù 6 bátìrì ló ń gbé yúníìtì kan, bátìrì yúníìtì 45 á wúwo tó kìlógíráàmù 270. Èyí tó jẹ́ yúníìtì 100 á di 600. Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ tó ń rin 1,000 máìlì kò lè jẹ́ ọkọ̀ kan náà tí wọ́n kàn kó bátìrì kún? Ìwúwo yẹn fẹ́ sípíríǹgì tó le sí i, ó fẹ́ bíréèkì tó tóbi sí i, táyà ẹyọ kan tó wà lẹ́yìn náà ní iye tó lè gbé. Gbogbo ìwọ̀nyẹn ń fi ìwúwo kún ìwúwo. Ọkọ̀ tí kò jẹ iná ń lo bátìrì kékeré, bátìrì kékeré ń jẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́, ọkọ̀ tó fúyẹ́ kì í jẹ iná. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó rìn jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ ló máa já okùn náà.

Ti òfin wá kù. EPA ní alùpùpù ni ọkọ̀ tó bá ní táyà méjì, tàbí èyí tó ní mẹ́ta tí kò wúwo ju páùn 1,749 lọ, ìyẹn kìlógíráàmù 793. Arcimoto FUV, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ṣe ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wúwo tó 1,300 páùn, nítorí náà ó bọ́ sábẹ́ ìlà yẹn. Aptera kọjá ìlà náà. Lójú EPA, kì í ṣe alùpùpù.

Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013 gba ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láyè lábẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní L5e, bí kò bá ti wúwo ju kìlógíráàmù 1,000 lọ. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ sì ronú kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná: wọn kì í ka ìwúwo bátìrì mọ́ ọn. Àwọn àgbà wa tó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1975 yóò rántí Reliant Robin, mọ́tò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní táyà kan níwájú. Ìwúwo tí wọ́n dá sí i lára, tí kò fi tó kìlógíráàmù 410, ló jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ alùpùpù lè wà á, kí owó orí rẹ̀ sì kéré ju ti mọ́tò lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìwọ̀n ti ń sọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́ lójú ìjọba.

## Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní alùpùpù nígbà tó ní ilẹ̀kùn àti òrùlé?

Gbólóhùn kan nínú òfin ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà ló fà á. NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, ní alùpùpù ni ọkọ̀ tó bá ní ẹ̀rọ, tó ní ìjókòó fún ẹni tó ń wà á, tí táyà rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ kò sì ju mẹ́ta lọ. Òfin náà kò béèrè bóyá ó ní ilẹ̀kùn, tàbí sítíárì, tàbí ìjókòó méjì. Kò sì béèrè ìwúwo rẹ̀ bíi ti EPA. Ó ka táyà, ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun tí èyí ń mú wá lágbára. Òfin kò fi dandan lé e pé kí alùpùpù ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò sì ní dandan kí wọ́n fi gbá ògiri wò kí wọ́n tó tà á, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún mọ́tò. Aptera ní àwọn yóò fi àpò afẹ́fẹ́ sí i, àwọn yóò sì ṣe ìdánwò ìjàǹbá bí ẹni tó ń ṣe mọ́tò. Ọwọ́ wọn nìyẹn wà. Òfin kò bi wọ́n.

Ní ti awakọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “autocycle” fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní sítíárì àti ìjókòó bíi ti mọ́tò, kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lásán lè wà á. Ọ̀rọ̀ akoto ńkọ́? Ní California, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bò pátápátá kò ní láti dé akoto, bí ọkọ̀ náà bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7, tó fẹ̀ tó 4, tí ìwúwo rẹ̀ sì tó páùn 900. Aptera kọjá gbogbo rẹ̀. Ẹ tún wo bí nǹkan ṣe rí: níbí, òfin ń fẹ́ kí ó wúwo, lọ́dọ̀ EPA àti ní Yúróòpù, òfin ń fẹ́ kí ó fúyẹ́.

Àwọn tó ti rí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dojú dé ní kọ́nà á béèrè bóyá èyí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ní táyà kan níwájú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì nígbà tó ń yà, gbogbo ìwúwo á bọ́ síwájú, sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí kò ti sí táyà tó máa gbà á. Aptera ní méjì níwájú, wọ́n sì jìnnà síra wọn, bátìrì sì wà nílẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ìyàtọ̀ ńlá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta ni táyà àwọn méjèèjì.

## Ṣé ẹ̀dínwó 7,500 dọ́là kàn án?

Kò kàn án rí, ní báyìí kò sì kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tó ṣì wà, ẹ̀dínwó yìí kì í ṣe owó tí wọ́n ń kà síni lọ́wọ́. Owó orí tó yẹ kí ènìyàn san fún ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni wọ́n ti gbà kí oníṣòwò ọkọ̀ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ nínú iye tí oníbàárà máa san. Irú rẹ̀ tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, láti 2,500 dé 7,500 dọ́là, bátìrì ọkọ̀ ló ń sọ iye rẹ̀. Inú òfin náà ni wọ́n ti túmọ̀ ọkọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe fún ojú pópó tó ní, ó kéré tán, táyà mẹ́rin. IRS, àjọ agbowó orí, kò láṣẹ láti fi ojú àánú wo mẹ́ta.

Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pátápátá. Ẹ̀dínwó kékeré kan wà fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti mẹ́ta, ìdá mẹ́wàá iye owó ọkọ̀, tí kò gbọ́dọ̀ ju 2,500 dọ́là lọ. Ó wà fún ọkọ̀ tí wọ́n rà láti 2009 dé òpin 2011, wọ́n tún fún un ní ọdún méjì, 2012 àti 2013. Nígbà tí àwọn aṣòfin wá jí i dìde, fún ọkọ̀ tí wọ́n rà láti 2015 lọ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìkan ni wọ́n mú padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí títí di òpin 2021. Fún ọdún méje gbáko, ẹni tó ra alùpùpù oníná rí owó, ẹni tó ra mọ́tò oníná rí owó, ẹni tó bá ra ohun tó wà láàárín méjèèjì kò rí kọ́bọ̀.

Ní oṣù Ògún 2022, Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lu òfin tó tún ẹ̀dínwó ńlá náà tò. Ó ní kí wọ́n to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, kí iye owó mọ́tò kékeré má ju 55,000 dọ́là lọ, ti ọkọ̀ ńlá àti akẹ́rù 80,000, kí owó tó ń wọlé fún ẹni tó rà á má ju iye kan lọ, kí bátìrì tó yúníìtì 7, kí ìdajì owó náà sinmi lórí ibi tí ohun àlùmọ́nì bátìrì ti wá, ìdajì yòókù lórí ibi tí wọ́n ti ṣe bátìrì. Carlsbad ni wọ́n ti fẹ́ máa to Aptera, iye owó rẹ̀ kò dé 55,000, bátìrì rẹ̀ ju yúníìtì 7 lọ. Ọ̀rọ̀ ibi tí bátìrì ti wá ì bá jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ dé ibi ẹjọ́ yẹn, torí táyà mẹ́rin ṣì wà nínú ìtumọ̀ ọkọ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù Agẹmọ 2025 ni Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu òfin tó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọkọ̀ tí ènìyàn bá rà lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wẹwẹ ọdún náà kò ní ẹ̀dínwó, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Fídíò tó bá ṣì ń sọ 7,500 dọ́là fún ọkọ̀ tuntun, ó ti pẹ́ jù, fún Aptera àti fún gbogbo ọkọ̀ oníná.

## Ṣé kò sí òfin kankan tó rántí irú ọkọ̀ yìí ni?

Ọ̀kan wà, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní mímọ̀. Lọ́dún 2007, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára láṣẹ láti yá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tí kì í jẹ epo lówó, títí dé 25 bílíọ̀nù dọ́là. Aptera àkọ́kọ́ béèrè. Wọ́n dá a padà, torí òfin Amẹ́ríkà lórí epo ọkọ̀ ti túmọ̀ mọ́tò sí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń jẹ epo tó kéré jù lọ kò lè yá owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ tí kì í jẹ epo.

Lọ́dún 2009 ni àwọn aṣòfin tún un ṣe. Wọ́n fi ẹ̀ka tuntun kan kún un fún ọkọ̀ tó bò pátápátá, tó lè gbé àgbàlagbà méjì, tó sì lè fi gálọ́ọ̀nù epo kan, tàbí iná tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, rin ó kéré tán máìlì 75. Kò sí táyà nínú ìtumọ̀ yẹn rárá. Gálọ́ọ̀nù epo kan dọ́gba pẹ̀lú yúníìtì 33.7 nínú ìṣirò EPA. Bí Aptera bá rin máìlì 10 lóòótọ́ lórí yúníìtì kan, á fi rin 337. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ kú kí ó tó rí owó náà gbà, àmọ́ ìtumọ̀ tuntun náà ṣì wà nínú ìwé òfin. Ó kéré tán, òfin kan ní Amẹ́ríkà ti gbà nígbà kan pé ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ló yẹ kí wọ́n wọ̀n.

Owó ìrànwọ́ ti àwọn tó ń ṣe bátìrì ní Amẹ́ríkà náà kò ka táyà. Yúníìtì ni wọ́n fi ń san án, 35 dọ́là fún yúníìtì kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì bátìrì. Ẹni tó ṣe é ló ń gbà á, kì í ṣe ẹni tó ra ọkọ̀.

## Kí ni àwọn tó ń jiyàn ń sọ?

Àwọn kan ní bí ìjọba bá fẹ́ fi owó ìlú ran ọkọ̀ tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́ lọ́wọ́, kí ó wọn iná tí ọkọ̀ ń jẹ. Wọ́n á tọ́ka sí F-150 Lightning, tí ẹ̀dínwó 7,500 kàn ní 2023: ó ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 48 fún 100 máìlì, Aptera ní 10 ni tòun. Bátìrì ẹyọ Lightning kan tó tóbi jù, yúníìtì 131, á tó Aptera bíi mẹ́ta. Lójú wọn, òfin táyà mẹ́rin ń san owó fún ẹni tó ń lo lítíọ́mù, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, jù.

Àwọn tó wà ní òdìkejì ní ọ̀rọ̀ kì í ṣe iná nìkan. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti la ìdánwò ìjàǹbá kọjá. Alùpùpù kò là á kọjá. Bí ìjọba bá fi owó orí tẹ ènìyàn sí ọkọ̀ tí òfin ààbò mọ́tò kò dé, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́la? Wọ́n á tọ́ka sí Electra Meccanica, ilé-iṣẹ́ Kánádà tó ṣe ọkọ̀ oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní Solo, tó ń gbé ènìyàn kan. Ní oṣù Èrèlé 2023 wọ́n kéde pé àwọn yóò ra gbogbo 429 tí wọ́n ti tà padà, torí ó lè ṣàdédé pàdánù agbára lójú ọ̀nà. Wọ́n tún ní F-150 rọ́pò ọkọ̀ epo tó ń gbé ẹbí àti ẹrù, ọkọ̀ oníjókòó méjì kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá rà á yóò ṣì ní mọ́tò epo nílé. Àwọn olólùfẹ́ Aptera á dáhùn pé ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nínú wọn.

Ẹgbẹ́ kẹta ló borí ní 2025: àwọn tó ní kí ìjọba yọwọ́ nínú gbogbo rẹ̀, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi iye owó ara rẹ̀ bá ọjà jà.

## Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, kí ló kù fún ẹni tó fẹ́ rà á?

Owó tí wọ́n ń dá lé Aptera àkọ́jáde ti kúrò ní 25,900, ó ti di nǹkan bíi 40,000 dọ́là. Kí oṣù Ọ̀wẹwẹ 2025 tó parí, Model 3 kan tó jẹ́ 42,490 dọ́là ń bọ́ sí 34,990 fún ẹni tí ẹ̀dínwó kàn. Aptera, tó jẹ́ oníjókòó méjì, ì bá dúró sórí 40,000 rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dínwó lọ, àlàfo yẹn pa dé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Tesla fi gbé Model 3 tó rọrùn sí i jáde ní 36,990 dọ́là, ní oṣù Ọ̀wàrà. Òfin tó pa ẹ̀dínwó rẹ́ bá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ṣe ọgbọọgba fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjà ló tún yà wọ́n.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ yìí ń wù, ẹ lọ wo òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó fi owó sílẹ̀: bóyá “autocycle” wà nínú rẹ̀, ìwé àṣẹ wo ló ń béèrè, akoto ńkọ́, àti lábẹ́ orúkọ wo ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín máa kọ ọ́ sí, mọ́tò tàbí alùpùpù. Ẹ béèrè bóyá ìpínlẹ̀ yín tàbí ilé-iṣẹ́ iná yín ní ẹ̀dínwó tirẹ̀ fún alùpùpù oníná, nítorí níbi tí wọ́n bá ti kà á sí alùpùpù, ẹnu ọ̀nà kékeré yẹn lè ṣí fún un. Ní ti bó ṣe ń rìn tó, nọ́ńbà EPA ni kí ẹ dúró dè.